Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Leeds

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Ó ṣe mí bíi kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí gùn, lẹ́tà lo sì máa ń tọ́jú.

Gbogbo wa wà dáadáa níbí. Ẹsẹ̀ bàbá mi ti ń sàn, àbúrò mi bí ọkùnrin, gààrí tún ti wọ́n. Ọ̀rọ̀ iléèwé ló gbà mí lọ́kàn.

O mọ̀ pé èmi ni wọ́n kó iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì Pírámárì 4 sí 6 lé lọ́wọ́. Ìwé wà, ohun èlò ni kò sí. Ilé-iṣẹ́ kan gbé kọ̀ǹpútà wá fún wa nígbà kan, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò síná, ẹni tí wọ́n ní yóò wá kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó kò sì dé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá iléèwé ló wà títí dòní. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún ara mi pé àwọn tó ń gbé àyíká wa ni ká wá, àwọn tí a lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́la bí nǹkan bá bà jẹ́. Mo gbé e lọ síwájú SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iléèwé wa, nítorí àwọn òbí, àwọn àgbà àdúgbò àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Wọ́n gbà.

Àbẹ̀kẹ́, ó wù mí kí o wà níbẹ̀! Rẹ́wáyà tó wà lẹ́bàá títì gbé bátìrì, gílóòbù àti wáyà wá. Ó ń fi ìṣó, igi, ike àti owó ẹyọ sáàárín wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tí iná máa gbà kọjá kí ó tó dán an wò. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu ní kíláàsì ló sọ pé bí a bá to gílóòbù méjì tẹ̀ léra, iná wọn kò ní mọ́lẹ̀ tó ti ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Bíríkìlà mú okùn wá, ó sàmì sí ẹsẹ̀ bàtà 3, 4 àti 5, ó sì fi han Pírámárì 6 bí igun ilé ṣe ń tọ́.

Ìyá Aláró ti Ìtòkú ló wá bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mú sódà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ nítorí ó ń jóni lára. Èlú àti omi eérú ni wọ́n lò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló ní. Kí àwọn ọmọ tó ṣẹ́jú, ó ti ń di aró. Ariwo sọ! Ìyá ní afẹ́fẹ́ ló ń parí iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB kan, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, tó ń gbé ládùúgbò wá ṣàlàyé pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni. Ni ọmọkùnrin kan bá béèrè pé bí a bá wé aṣọ náà sínú ọ̀rá kó tó rí afẹ́fẹ́ ńkọ́? A wé e. Ó pẹ́ gan-an kó tó yí padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ yẹn ní ìbéèrè yẹn o. Yorùbá ni gbogbo wa sì ń sọ. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́, ní 1970 nìyẹn: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé Pírámárì 6, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ. Ìgbà tí mo kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo rò pé ìtàn lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí nìyí. Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ (PTA), bàbá kan dìde, ó ní òun kò rán ọmọ òun wá síléèwé kó wá kọ́ṣẹ́ rẹ́wáyà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mekáníìkì ni bàbá yẹn fúnra rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, n kò lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n rẹ́wáyà wà níjokòó, ó gbọ́. Kò tíì padà wá láti ọjọ́ náà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ìyàwó rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Wọ́n tún ń sọ kiri pé mo ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Èmi, Àbẹ̀kẹ́! Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

A ti wá pinnu pé kí àwọn òbí wá wò ó fúnra wọn, kí àwọn ọmọ ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè ìdánwò lórí rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Àyè ni kò sí. Kíláàsì ń jò, ìkòkò aró kò sì ṣe é gbé sókè gbé sódò.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Àgbàlá Màmá tó wà lẹ́yìn iléèwé, mo gbọ́ pé Bọ̀dá rẹ fẹ́ fi háyà fún àwọn tó ń gún búlọ́ọ̀kù. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti lọ, ọ̀rọ̀ ilé yẹn kì í rọrùn láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n orísun omi wà níbẹ̀, òrùlé wà, ìkòkò aró Màmá náà ṣì wà. Jọ̀ọ́, bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa títí sáà yìí yóò fi parí. SBMC yóò kọ ìwé, baálẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, a ó sì san ìwọ̀nba tí agbára wa bá ká.

Ìkejì: ní ọjọ́ tí àwọn òbí bá wá, bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Sọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní láàbù ọsibítù fún wọn, kí o sì sọ ẹni tó san owó iléèwé rẹ àti iṣẹ́ tó fi san án. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn kò ní gbà. Ìwọ ni wọ́n á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn abúlọ́ọ̀kù fẹ́ wá san àsansílẹ̀, nítorí náà pe Bọ̀dá kó tó dìgbà yẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni kí o pè wọ́n, ara wọn máa ń balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́