Bọ́lá, má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn

Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú ewu ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin tí o bọ́ nínú ẹ̀ ní Yúróòpù o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Màmá rẹ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la bá wọn jó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò lálẹ́ àná, mo rí i pé ọwọ́ òsì lo fi ń mu tíì. Mo ní kí o wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, gbogbo ara lo yí. O ní ó kàn ń ro ọ́ díẹ̀ ni. Bọ́lá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ìrora ọrùn lẹ́yìn ìjàǹbá lè má yọjú àfi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Padà sọ́dọ̀ dókítà, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ibi tó ń dùn ọ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí o ò lè ṣe mọ́.

Ìwé tí àwọn tó ni ọkọ̀ ojú irin náà ní kí o fọwọ́ sí, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀rọ̀ tán, jọ̀ọ́, má tíì fọwọ́ sí i. Bàbá kan ládùúgbò wa fara pa nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà Ìpetumodù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un, ó ní ẹ̀mí òun ṣáà wà, ó fọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ yẹn ò san. Nígbà tó padà lọ bá wọn, ìwé tó fọwọ́ sí ni wọ́n nà sí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́ọ́yà jọ ka òfin èrò ọkọ̀ ojú irin ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹfà ọdún 2023. Kì í ṣe ìwọ lo máa wá ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló máa fẹ̀rí hàn tí wọn ò bá fẹ́ san. Láàárín ọjọ́ 15 tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó, ó yẹ kí wọ́n ti san díẹ̀ sílẹ̀ fún bùkátà ojú ẹsẹ̀. Tí èèyàn bá kú, èyí ò gbọdọ̀ dín ní 21,000 yúrò. Kọ̀wé sí wọn nípa ìpalára rẹ kí oṣù 12 tó pé. Ọdún 3 lo ní láti lọ sí kóòtù. Má da báàgì àti kọ̀ǹpútà tó fọ́ yẹn nù, ya fọ́tò wọn.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ láti bèèrè owó nígbà tí àwọn mìíràn bá a lọ. Tìrẹ ò gba ti ọmọ òrukàn kankan, Bọ́lá.

Wá lọ́ọ́yà níbẹ̀ kó bá ọ ka ìwé náà, kí o sì pè mí tí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà.

Èmi ni,
Fọlákẹ́