Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Odò Tó Kún Yẹn Ló Ń Bà Mí Lẹ́rù

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín, mo sì kí àwọn òbí yín. Ọ̀rọ̀ kan ló gba oorun lójú mi tí mo fi gbé kálàmù. Ọ̀kan nínú yín, ọmọ tí mo fẹ́ràn gidigidi, tó ń kọ́ iṣẹ́ omi ní yunifásítì, gbé fídíò odò kan jáde láti ẹsẹ̀ òkè Himalaya. Odò náà kún dẹ́nu, ó ń ru. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní yìnyín orí òkè ń tán, àmọ́ omi ń pọ̀ sí i. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń pín in kiri.

Àyà mi já. Fídíò náà kì í ṣe ayédèrú. Odò yẹn kún lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Lórí òkè gíga, òjò dídì máa ń rọ̀ nígbà òtútù. Èyí tí kò bá yọ́ nígbà ooru á máa dì mọ́ra, ọdún lé ọdún, títí á fi di yìnyín tó nípọn, tó ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀ láàárín òkè. Bí ooru bá dé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á yọ́, omi á ṣàn sódò lásìkò tí òjò kò rọ̀, tí ohun ọ̀gbìn ń gbẹ. Bí òjò dídì tó ń rọ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú omi tó ń ṣàn lọ, kò séwu. Ṣùgbọ́n èéfín èédú àti epo tí aráyé ń sun ti mú ayé gbóná, èyí tó ń yọ́ sì ti ju èyí tó ń dì lọ. Omi á pọ̀ lódò fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yìnyín á kéré débi pé kò ní ní ohun púpọ̀ fún odò mọ́, odò á wá máa fà. Àwọn baba wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àjẹìwẹ̀yìn ni odò tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn ń jẹ.

Odò Santa ní Peru ti kọjá ìgbà kíkún yẹn, ó ti ń fà nígbà ẹ̀rùn. Ní ti Indus, Ganges àti Brahmaputra, àwọn odò ńlá tó ń ti Himalaya ṣàn wá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fojú bù ú pé nǹkan bí àárín ọ̀rúndún yìí ni omi tó ń ti ara yìnyín wá yóò dé góńgó, kó tó máa dín kù. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí yín wò. Ẹ̀yin ni ẹ ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí èmi náà ń kọ́ iṣẹ́ omi ní òkè òkun, olùkọ́ wa kó wa lọ síbi yìnyín Rhône ní Switzerland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Furka. Ibẹ̀ ni odò Rhône ti ṣẹ̀, kó tó wọ adágún Geneva, kó sì gba ilẹ̀ Faransé lọ sínú òkun. Mo tọwọ́ bọ omi náà, egungun ìka mi ń ro mí. Omi náà kò mọ́ gaara. Funfun ni, nítorí pé yìnyín ń lọ òkúta lúbúlúbú nísàlẹ̀ bó ṣe ń wọ́. Mo dẹ etí sí i, mo gbọ́ tí inú rẹ̀ ń sán, pà, pà. Irú àwọ̀ búlúù tó wà nínú àwọn àlàfo rẹ̀, n kò tíì rí i níbòmíràn títí di òní.

Mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí orí mi ti hewú. Ibi tí yìnyín wà tẹ́lẹ̀ ti di adágún omi. Èyí tó kù nítòsí ihò tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún àwọn àlejò, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó kí oòrùn má baà tètè yọ́ ọ. Aṣọ! Mo rí ibi tí aṣọ náà ti ya, omi ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Ní ọdún 2022 àti 2023 nìkan, Switzerland pàdánù ìdá 10 nínú 100 gbogbo yìnyín orí òkè rẹ̀. Ọdún méjì péré! Mo sọ̀kalẹ̀ dé etí odò, odò sì ń ṣàn lọ ní tirẹ̀, ẹni tí kò bá gun òkè kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹ wá ná, ta ló kọ́ yín pé ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wo odò? Ìwé ìmọ̀ gbogbo ayé wà nínú fóònù yín, fídíò ìṣẹ́jú kan lẹ fi ń dájọ́! Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí ni.

Kíkún yẹn pàápàá ń pààyàn. Bí yìnyín bá ń sá sẹ́yìn, omi máa ń dá adágún sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ lásán, tàbí yìnyín fúnra rẹ̀, ló sì máa ń sé e mọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, adágún ẹ̀gbẹ́ yìnyín Shisper ní Pakistan já, ó gbé afárá Hassanabad lọ. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2023, adágún South Lhonak ní Sikkim, ní Íńdíà, ya wálẹ̀ lóru, ó wó dáàmù Teesta III, ó sì gbé èèyàn lọ. Ẹni tó bá ya fídíò odò Teesta lóru ọjọ́ náà, òun náà ì bá sọ pé omi pọ̀.

Òjò dídì tí kì í pẹ́ nílẹ̀ náà ń tanni. Bí ayé bá gbóná, ohun tó yẹ kó rọ̀ ní dídì á rọ̀ ní òjò, á ṣàn kọjá nígbà òtútù tí àgbẹ̀ kò nílò rẹ̀. Odò á kún lásìkò tí kò wúlò, á gbẹ lásìkò tí a ń wá a. Ní California, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 omi ìpínlẹ̀ náà ló ń wá láti ara òjò dídì orí òkè Sierra Nevada. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2015, gómìnà Jerry Brown bá àwọn tó ń wọn òjò dídì gun òkè lọ, orí koríko gbígbẹ ló dúró sí. Ìdá 5 nínú 100 iye tó yẹ kó wà ló kù lórí gbogbo òkè náà. Ọjọ́ náà ló pàṣẹ kí àwọn ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù ní ìdá 25 nínú 100.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé bí yìnyín Kilimanjaro bá tán, gbogbo odò ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, yìnyín náà ti pàdánù ju ìdá 80 nínú 100 lọ láti ọdún 1912, ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ sínú igbó ara òkè náà ló ń bọ́ àwọn odò yẹn jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí omi wọ́n ní La Paz, ní Bolivia, lọ́dún 2016, ọ̀dá ló ṣáájú. Yìnyín tó ń fà sẹ́yìn mú kí ohun tí wọn ì bá fara tì kéré. Yìnyín Chacaltaya tó wà nítòsí ìlú náà ti tán pátápátá láti ọdún 2009. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Irọ́ kan péré tó bá ti ẹnu yín jáde, àwọn tó ń pín fídíò á fi pa gbogbo òótọ́ yín.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí ooru ayé ò bá fi ju dígírì 1.5 lọ lé bó ṣe wà kí aráyé tó bẹ̀rẹ̀ sí sun èédú púpọ̀, nǹkan bí ìdajì iye yìnyín orí òkè tó wà láyé ṣì lè pòórá kí ọ̀rúndún yìí tó parí, àwọn kéékèèké ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, púpọ̀ sí i á lọ. Ìdí nìyẹn tí ooru díẹ̀ tí a bá dín kù fi já mọ́ nǹkan. Èéfín dúdú tó ń bà lé òjò dídì, tó ń mú un fa oòrùn mọ́ra, a lè dín òun náà kù. Ní Ladakh, lórí òkè ní Íńdíà, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Sonam Wangchuk, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi páìpù fa omi wálẹ̀ láti òkè, wọ́n ń fọ́n ọn sókè lóru òtútù kó lè dì ní òkìtì, kó wá yọ́ nígbà ìgbìn. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ omi ọdún kan ni, kò lè dípò yìnyín tó ti wà láti ìgbà láéláé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n á pe ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí pé kí ẹ fọwọ́ síwèé dáàmù tàbí iṣẹ́ omi oko ńlá kan. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ odò síwájú yín, omi á pọ̀ níbẹ̀, ojú yín á fẹ́ tàn. Ẹ bi wọ́n pé: mélòó nínú omi yìí ló ti ara òjò wá, mélòó ló ti ara òjò dídì ọdún yìí, mélòó ló ti ara yìnyín tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí wa? Bí wọn kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má fọwọ́ sí i.

Èmi ni bàbá yín.