Àdùkẹ́, má kọ̀wé sí gbogbo rẹ̀

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìpolówó iṣẹ́ yunifásítì tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ kọ̀wé sí. Rárá o. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n kó pọ̀ síbẹ̀, ibi tí wọ́n ń lọ ò sì papọ̀.

Ti olùkọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Graduate Assistant, ó sì lè gbé ọ dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ti Research Fellow, ìyẹn olùṣèwádìí, náà lè gbé ọ débẹ̀, àmọ́ ìwádìí tí o bá tẹ̀ jáde ni wọ́n máa wò ju kíláàsì lọ. Ìkẹta ni ti tẹkinọ́lọ́jíìsì, àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ lábù, iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n lópin rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ti ibẹ̀ sọdá sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Research Fellow ni kí o kọ̀wé sí. Wo CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára iná, ní OAU, Ifẹ̀. Ẹ̀rọ Pelletron kan wà níbẹ̀, 1.7 MV (mílíọ̀nù fóltì 1.7), tí wọ́n fi ń yin pùrótọ́ọ̀nù, ègé átọ́ọ̀mù tín-ín-tín, lu iyẹ̀pẹ̀, eruku tàbí àfọ́kù ìkòkò. Ìtànṣán tó bá jáde ni wọ́n fi ń mọ èròjà tó wà nínú rẹ̀, láì fi ásíìdì yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n páìpù tí pùrótọ́ọ̀nù ń gbà kọjá ò gbọdọ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú. Pọ́ǹpù ló ń fà á jáde, iná ló sì ń gbé pọ́ǹpù. Bí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè gbé e, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ẹnjiníà iná bíi tìẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó ló lè tú pọ́ǹpù? (Mo ti rí èyí tó ń fọwọ́ gbá a.)

Ní Ẹdẹ náà, ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ti Redeemer's University, ló kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà tán nílẹ̀ Áfíríkà, lóṣù kẹta ọdún 2020. Fíríìsà àti kọ̀ǹpútà irú lábù bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ sùn.

Owó ńkọ́? Kò pọ̀, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró. Ìwọ náà ṣáà jókòó tì mí nílé nígbà yẹn.

Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bi wọ́n bóyá iṣẹ́ tó ní owó ìfẹ̀yìntì ni, àbí owó ìwádìí bíi ti TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún yunifásítì lówó, ni wọn ó fi máa san ọ́. Ọjọ́ tí irú owó yẹn bá tán niṣẹ́ tán. Síbẹ̀, bí o bá lè gba oyè Master's nínú rẹ̀, gbà á. Kí ọjọ́ náà tó pé, lọ wo lábù wọn. Tẹkinọ́lọ́jíìsì ibẹ̀ ni kí o bi léèrè ìgbà tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, má bi ọ̀gá rẹ̀. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa o, àwa la mọ òótọ́ ibẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ rẹ ní COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí. Fi CV náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó tẹ ẹ̀dà rẹpẹtẹ tí wọ́n bèèrè. Bàbá rẹ ní òun fẹ́ yẹ gírámà rẹ̀ wò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ