Àjàní, Má Tilẹ̀kùn

Abẹ́òkúta,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àjàní ọkọ mi,

Dẹ́rẹ́bà tó gbé àpò gààrí yìí wá ni mo fi lẹ́tà rán, nítorí o ò gbé fóònù mọ́. Ìgbà 11 ni mo ti pè ọ́ láti òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àbúrò rẹ ti rí èsì WAEC rẹ̀, ó yege, ìṣirò nìkan ni kò gbà á. Adìẹ ìyá àgbà pa ọmọ mẹ́jọ, àwòdì ti gbé méjì lọ. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń ro ó. Ó tán nípa tilé.

Kí lo fi owó ọjọ́ Ẹtì ṣe?

Aago 11 òru ku díẹ̀ ni àlẹ́ẹ̀tì báǹkì wọlé sórí fóònù mi. ₦15,000 ti jáde. Káàdì rẹ wà lọ́dọ̀ mi o, nínú àpótí aṣọ òkè, níbi tí àwa méjèèjì jọ fi í sí kí ọwọ́ rẹ má baà máa tètè tó owó. A jẹ́ pé orí fóònù lo ti fi í ránṣẹ́. Ta ló ń gba ₦15,000 lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táìlì, lóru ọjọ́ tí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀? Mo ń bẹ Ọlọ́run kí o sọ pé owó ilé ni. Kì í ṣe torí pé o ò fi owó ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí ni mo ṣe ń béèrè. Àjọ mi ò ní torí ìyẹn dúró. Ìyá oníbàtà ló ti Èkó dé lánàá, ó ní òun rí ẹnì kan tó jọ ọ́ ní gáréèjì, tó ń tòògbé lórí ìdúró. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mo wọlé, mo jókòó, mi ò lè dìde.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ọ̀kan ṣoṣo ni. Oṣù márùn-ún rèé tí o ti fi tramadol, oògùn ìrora yẹn, sílẹ̀. Ara rẹ ti gbàgbé rẹ̀. Iye tí ò ń kó mì nígbà náà tí o ṣì ń rìn, tí o ṣì ń sọ̀rọ̀, ara tó ti mọ́ ọn lára ló ń gbé e. Ara yẹn kọ́ lo gbé káàkiri báyìí. Bí o bá mu iye tàtijọ́, o lè sùn kí èémí rẹ má gòkè mọ́. Ọdún 22 ni mo fi wà nídìí oògùn títà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ti jáwọ́ tó sì padà sí iye tàtijọ́ lè tètè kú ju ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ lọ. Nítorí náà, bí o tilẹ̀ ti ṣubú, Àjàní, má tilẹ̀kùn mọ́rí. Má dá wà nínú yàrá yẹn. Sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé pé bí òun bá gbọ́ tí ò ń han-run lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè rẹ dúdú, tí o ò jí, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ lélẹ̀, kí ó gbé ọ lọ sí ọsibítù. Kí ó má da epo pupa tàbí mílíìkì sí ọ lẹ́nu. Ìyẹn á fún ọ pa.

Mo gbá yàrá rẹ, mo rí ìwé rẹ lábẹ́ ìrọ̀rí, ìwé olójú-ewé 40 yẹn. Mo mọ̀ pé Àǹtí tó ń tọ́jú rẹ sọ pé ìwọ nìkan ló ni ín. Mo ṣí i. Má bínú. Tàbí kí o bínú, ṣùgbọ́n pè mí kí o fi bú mi.

Ìlà mẹ́rin lo fà sójú ewé kọ̀ọ̀kan: ibi tí mo wà, ohun tó wá sí mi lọ́kàn, bí ara mi ṣe rí, ohun tí mo ṣe. O kọ ọ́ pé o rí àwọn ọ̀rẹ́ ìjọ́sí nídìí ọkọ̀, ohun tó wá sí ọ lọ́kàn ni pé wọn á ní ò ń ṣe bí ẹni mímọ́, àyà rẹ ń já, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ. O bá wọ bọ́ọ̀sì tí ò tiẹ̀ lọ síbi tí ò ń lọ, o sọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kejì, o fẹsẹ̀ rìn, o wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, ó rọlẹ̀. O fa igi sábẹ́ "ó rọlẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì. Mo sunkún níbẹ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí ò ń ṣe nìyẹn. Mo rò pé ẹ kàn máa ń jókòó sọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe ìtọ́jú yìí, ti yíyẹ èrò ọkàn wò, ní CBT létí mi, mo ní báwo ni bírò àti ìwé ṣe máa yọ ohun tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àǹtí ò bínú sí mi. Ó ní dókítà kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Aaron Beck, ló kíyè sí i ní bí ọdún 1960 sí 1969 pé kí inú èèyàn tó bàjẹ́, èrò kan máa ń sáré kọjá lọ́kàn rẹ̀, á yára débi pé ẹni náà ò ní bi í léèrè kó tó gbà á gbọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá fi ọ̀nà náà tọ́jú ọtí àti oògùn tó ti di bárakú. Ó fún mi ní àpẹẹrẹ òjò. Òjò rọ̀, iṣẹ́ ò sí. Èrò kìíní: ayé mi ò lójú. Inú bàjẹ́. Èrò kejì: ẹyọ kan péré, kí n lè sùn. Ọwọ́ bá lọ sápò. Àǹtí ní ibi èrò kejì yẹn lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ kì í lé e, torí èrò tí a bá ń lé, ńṣe ló ń padà wá. Ẹ máa ń bi í ní ìbéèrè ni. Ìgbà wo ni ẹyọ kan jẹ́ ẹyọ kan rí? Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo gbà ọ́ gbọ́ gbẹ̀yìn? Mo ní kí ó tún un sọ kí n lè há a sórí.

Ó ní kí o tó gba èrò kankan gbọ́, kí o yẹ nǹkan mẹ́rin wò: ebi, ìbínú, ìdáwà, àárẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà sínú gààrí. Mo mọ̀ pé o kì í jẹun lọ́jọ́ Ẹtì títí wọn ó fi sanwó.

Mo ti ń sá fún ojú ewé kejìlá látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

O kọ ọ́ sí ìlà kejì pé: Màámi ló kọ́kọ́ fún mi.

Òótọ́ ni. Ọdún 2016 ni, tí ọ̀kadà gbé ọ ṣubú tí orúnkún rẹ wú bí àgbọn. Ọmọ ọdún 17 ni ọ́. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò gbé ọ lọ rí dókítà. Mo na ọwọ́ sábẹ́ káńtà, nínú ọ̀rá dúdú tí mi ò kì í gbé sórí pẹpẹ, mo fún ọ ní méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. O ní, "Màámi, ara mi fúyẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ẹsẹ̀ ti san tí o tún wá ń ní ó ń dùn ọ́, mo tún fún ọ. Mi ò béèrè. Tàbí kí n sọ bó ṣe rí: mo fura, mi ò béèrè.

Ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì mi ò gbà mí láàyè láti tà á rárá. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí, 50 àti 100 mílígíráàmù ni. Mo ń ta 225. Mo ń tà á fún àwọn ọlọ́kadà, fún àwọn bíríkìlà, fún àwọn obìnrin tó ń ru kankéré, tí wọ́n á ní, "Ìyá, èyí tó le ni kẹ́ ẹ fún wa." Èrè sáṣẹ́ẹ̀tì kan rẹ̀ ju ti páálí parasitámọ́ọ̀lù lọ. Owó ilé ìwé rẹ wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ò mọ̀ títí di òní. Nígbà tí ìjọba fòfin de omi ikọ́ oní-codeine lóṣù karùn-ún ọdún 2018, mo gbé páálí méjì pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mi títí mo fi tà á tán. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, wọ́n ka ìwádìí tí ìjọba ṣe lọ́dún yẹn kan náà fún wa, pé nínú 100 èèyàn láti ọmọ ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, 14 ló ti lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan, yàtọ̀ sí ọtí àti tábà, pé ó lé ní mílíọ̀nù 14 èèyàn. Gbogbo wa ń sọ pé àwọn ọmọ ìta ni. Èmi náà sọ ọ́. Ìwọ wà nílé lọ́jọ́ náà, ò ń làágùn, ò ń yán, imú rẹ ń dà, o ní ibà ni. Mo fún ọ ní oògùn ibà.

Mo ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Èlùbọ́ àti ata gígún ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Kò tó nǹkan kan.

Mi ò kọ èyí kí o lè fi mí ṣe àwáwí o! Àgbàlagbà ni ọ́. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ tẹ fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n bí gbígbé e lé mi lórí bá máa jẹ́ kí o gba ìpè mi, gbé e lé mi lórí, mo ti tẹ́rí sílẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì ni ilé àdúrà tí mo kọ́kọ́ mú ọ lọ. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ mọ́ òpó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, èmi ni mo sanwó ààwẹ̀, èmi ni mo ra àbẹ́là. Ojú ló ń tì mí. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń fi Arò, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, bú ara wa ní Abẹ́òkúta yìí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìlú wa ni Dókítà Lambo, láti ọdún 1954 ló ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí Arò ká, kí wọ́n máa sùn sílé olóko, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Ó mọ̀ pé wọn kì í ti èèyàn mọ́lé kí ara rẹ̀ yá. Èmi tí wọ́n bí síbí ni mi ò mọ̀.

Ìgbà tí o wá gbẹ̀yìn, mo tú báàgì rẹ. Mo gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. Mi ò mọ̀ pé o dúró lẹ́nu ọ̀nà. O ò sọ nǹkan kan, o ò jẹun, o lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, o sì gbàgbé ìwé rẹ. Tuesday tó tẹ̀ lé e, o ò wá sọ́dọ̀ Àǹtí. Àǹtí ti kìlọ̀ fún mi rí pé ìfura ilé wà lára ohun tó ń rú ọkàn yín sókè. Mo gbọ́, mo sì tún tú báàgì. Àforíjì, Àjàní. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn fún ọ lọ́jọ́ náà, pé mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí o bá ti mu ún, fetí sí èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Alan Marlatt, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ ìwé lọ́dún 1985 lórí bí ẹni tó ti jáwọ́ ṣe ń padà sídìí rẹ̀. Àǹtí ní ohun tó rí ni pé ẹni tó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan á ní, "Mo ti bà á jẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú bà á jẹ́ tán." Gbólóhùn yẹn ló máa ń fà á padà sínú kòtò, ju oògùn ọjọ́ kan yẹn lọ. Nítorí náà kọ ọjọ́ Ẹtì sínú ìwé bí o ṣe ń kọ àwọn yòókù. Ibi tí o wà, ohun tó wá sí ọ lọ́kàn. Bí ó bá sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí o ti ń mu ún, má fi agbára dá a dúró fúnra rẹ, nǹkan yẹn máa ń mú gìrì wá. Sọ fún dókítà. Àǹtí fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò rọ́pò oògùn tí dókítà máa fi mú ara rọlẹ̀.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ààyè rẹ ṣì wà ní Tuesday, aago 10. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lo ti lọ nínú méjìlá. Ó ní kí n má bi ọ́ léèrè ohunkóhun, kí n kàn sọ fún ọ pé òun ń retí rẹ. Mi ò lè ṣe é láìbi ọ́, o rí i. Mo ti bi ọ́.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì, bẹ ọ̀gá rẹ kí ó máa san owó sínú àpò mi. Mo lè bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi, màá ní fún àjọ ni. Bí o bá sì fẹ́, àbúrò rẹ lè wá máa sùn lọ́dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ méjì yìí, kò ní nǹkan kan tó ń ṣe. Kò ní tú báàgì rẹ. Mo ti kìlọ̀ fún un.

Mo ti sanwó fún dẹ́rẹ́bà kí ó dúró dè ọ́ títí aago 2. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, mo ní kí ó máa kàn án, kí ó pe àwọn ará ilé. Má bínú sí i, èmi ni mo rán an. Kọ ohunkóhun sẹ́yìn àpò ìwé yìí kí ó mú un bọ̀, kódà kó jẹ́ orúkọ rẹ.

Ìwé rẹ wà nínú gààrí, mo fi ọ̀rá wé e. Mo kọ nǹkan sí ojú ewé kan nínú rẹ̀, má ya á. Ibi tí mo wà: orí ibùsùn Àjàní. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn: mo ti pa ọmọ mi. Bí ara mi ṣe rí: ọwọ́ mi ò dúró. Ohun tí mo ṣe: mo wá bírò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.