Ẹ rán àwọn kóòṣì wa lọ kọ́ṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Nílẹ̀ Okun níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan á gbé ife bọ́ọ̀lù kalẹ̀, òmíràn á kó jẹ́sì wá láti Èkó tàbí Àbújá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a kì í bi ẹni tí a fa àwọn ọmọ lé lọ́wọ́ pé kí ló kọ́. Bó bá ṣáà ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí, ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn. Èmi ò gbà pé ó tó.

Ta ló gbá bọ́ọ̀lù tó Stephen Keshi? Ó gbá a ní Abidjan, ó gbá a fún Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀mù, òun sì ni balógun Super Eagles tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994. Síbẹ̀ náà, ó kọrí sí Amẹ́ríkà lọ kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Òun ló mú Tógò yege fún ife àgbáyé 2006, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn, kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ìdíje náà (ó ṣì ń dùn mí). Nígbà tó di 2013, ó tún gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ti gba ife náà ṣáájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ohun tó wù mí jù ni pé ó wo líìgì abẹ́lé nígbà tó ń ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ife 2013 náà. Ó mú Oboabona, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, láti ẹgbẹ́ Sunshine Stars ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ó mú Sunday Mba náà, ọmọ líìgì ilé, òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù tó lé Ivory Coast sílé àti èyí tó ṣẹ́gun Burkina Faso ní àṣekágbá. Ojú tó rí irú wọn kì í ṣe ojú lásán.

Ọkùnrin kan wà ní Kabba tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sílípáàsì ló fi ń pààlà. Mo rí i tó kígbe "Ẹ dúró!" tí gbogbo wọn sì dúró gbagidi. Ó lọ bá ọmọ kan lẹ́yìn, ó di èjìkà rẹ̀ mú, ó yí i díẹ̀ kó lè máa rí bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ọmọ yẹn já a gbà. Ẹ̀bùn ni ọkùnrin yìí ní, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ó ní owó ẹ̀kọ́ àti ti ibi tóun máa sùn ni kò sí.

Ìwé ẹ̀rí kóòṣì ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, wà; láti orí D, ìpele tó kéré jù, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. National Institute for Sports náà wà ní Sùúrùlérè tó ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti Kabba/Bunu dé Yagba West, àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: kí ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ife ọdún yìí, kí ẹ fi rán ẹnì kan lọ láti ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì yọ àwọn obìnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kí ẹni tí ẹ bá rán tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa padà wá kọ́ ọmọ wa fún ọdún méjì, ó kéré tán.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi