Lẹ́tà sí Màmá: wákàtí méjì lọ́sẹ̀ lábẹ́ igi

Manchester,
Oṣù Kẹwàá, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú ìfaradà ariwo Ṣómólú. Ṣé ara le? Ìbéèrè tí ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé dáhùn tán nínú ìpè WhatsApp tó ń já, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé àwọn dókítà Ìlú Ọba ń sọ fún aláìsàn pé kó lọ jókòó lábẹ́ igi, àbí àwàdà ni. Òótọ́ ni, Màmá. Ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní agbègbè 7 ní England. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tàbí tí ìdánìkanwà ń bá fínra, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń rìn nínú igbó tàbí tó ń dá oko ẹ̀fọ́. Oògùn rẹ̀ kò dúró o. Àfikún ni wọ́n fi í ṣe.

Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Kì í ṣe ẹ̀wà nìkan ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi gbin igi ọ̀dán sójú ọjà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Àwa ará Èkó la gé e, a fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, a ní ọgbà wa ti mọ́. Òòrùn wá kan íńtálọ́ọ̀kì, ooru rẹ̀ sì ń bá wa wọ yàrá di òru.

Iye tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ọdún 2019 ni ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 20,000 èèyàn ní England. Àwọn tó ń lo wákàtí méjì, ó kéré tán, níbi tí igi, koríko tàbí omi wà ni wọ́n sọ jù lọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀. Àtàgbà àtẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà, bákan náà ló rí. Bóyá ẹ lò ó tán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ pín in, kò dá nǹkan kan dúró. Mi ò ní tàn yín jẹ: ẹni tí ara rẹ̀ le ni í sábà lè rìn jáde, nítorí náà a ò lè sọ pé igi nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò náni lówó, kò sì ní kí ẹ fi oògùn sílẹ̀, ó tọ́ ká dán an wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara rèé. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pẹ̀lú fèrè mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, ara máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ sá tàbí tó fẹ́ jà: ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cortisol á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Níbi tó pa rọ́rọ́ tí ewé wà, ara á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí kékeré mìíràn, ọdún 2019 kan náà, rí i pé láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú ni cortisol yìí ń yára wálẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pín 120 yẹn sí mẹ́rin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀kan, dípò kẹ́ ẹ máa jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Aago méje àárọ̀ ló dára jù. Òòrùn kò tíì mú, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó bá sì wọ ojú ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, kí oorun alẹ́ lè wá lásìkò. Àìsùn tí Bàbá ń ráhùn rẹ̀, apá kan rẹ̀ lè jẹ́ pé inú pálọ̀ tí kọ́tìnì dí ni wọ́n ń wà láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àga wọn síbi fèrèsé tó kọjú sí igi máńgòrò aládùúgbò. Ọdún 1984 ni ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ olùwádìí kan, Roger Ulrich, jáde, lórí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé ju àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n lò sì kéré sí i. Ẹni 46 péré ni o, ṣùgbọ́n gbígbé àga kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Níbo ni kẹ́ ẹ lọ? Ẹ má ronú igbó ńlá. Etí ọ̀sà nínú UNILAG ní Akọ́kà ló sún mọ́ yín jù. Atẹ́gùn ọ̀sà wà níbẹ̀, igi wà, lékèélékèé ń bà sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bí àlejò ṣe ń wọlé. Tí ẹ bá lọ ra ọjà ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, ẹ yà sí Freedom Park ní Broad Street kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i fún ìgbafẹ́. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ o, nítorí orin máa ń pọ̀ níbẹ̀ lálẹ́. Lekki Conservation Centre tóbi, hẹ́kítà 78, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn sí Ṣómólú, owó sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ìyẹn sí ọjọ́ ìsinmi. Afárá orí igi wọn gùn ní mítà 401, ó sì ń mì: orúnkún yín kò nílò rẹ̀, pákó tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ tó yín. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì, nítorí àwọn ọ̀bọ.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rìn fún ogún ìṣẹ́jú ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin. Ẹ fi mẹ́wàá tó kù jókòó, fóònù nínú báàgì. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn orí fóònù lábẹ́ igi, ọjà ló ṣì wà. Ẹ gbọ́ ẹyẹ ẹ̀gà, ẹ wo bí ewé ṣe ń mì, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ni téèyàn bá dìde lójijì. Èyí tó ń mú yín tọ̀, ẹ bi dókítà yín bóyá ẹ lè lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá darí dé. Ẹ má fò ó.

Bàbá kò gbọ́dọ̀ jáde lébi bí wọ́n bá ti lo oògùn àtọ̀gbẹ. Kí súwíìtì méjì mẹ́ta wà lápò wọn. Òógùn tútù àti ọwọ́ gbígbọ̀n ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Kí wọ́n má sì bọ́ bàtà rìn lórí koríko, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni máa sọ nípa ìrì òwúrọ̀: ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í tètè mọ ẹ̀gún, aràn kan sì wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara.

Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ibi téèyàn yàn. Rírìn létí Ikorodu Road láàárọ̀, èéfín dáńfó lẹ ń fà símú, igi méjì tó wà níbẹ̀ kò lè gbà yín. Bí ààrá bá ń sán, ẹ kúrò lábẹ́ igi. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, kí ẹni tó ní ikọ́ fée dúró sílé lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí ẹ ò lè jáde ńkọ́? Bàlíkónì. Ẹ wá rọ́bà pẹ́ńtì oní-lítà 20 mẹ́ta, kí Kúnlé lu ihò mẹ́fà tó fẹ̀ tó ìka ọmọdé sí ìdí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n ilẹ̀ dúdú méjì sí ìgbẹ́ adìẹ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò: kò gbọdọ̀ rùn mọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Rọ́bà tó kún fún ilẹ̀ tútù lè wúwo tó kílò 30, nítorí náà ẹ má gbé e sórí irin bàlíkónì, kó dúró sẹ́bàá ògiri. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, ẹ wọ́n ọn, ẹ fi ilẹ̀ bò ó féréfé. Bó bá jìn, kò ní hù. Èèpo irúgbìn ewédú le, ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé àrún, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ó máa fa tẹ̀tẹ̀.

Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu omi: tó bá tutù dé oríkèé àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Omi àpọ̀jù náà lè sọ ewé ìsàlẹ̀ di yẹ́lò, kì í ṣe òùngbẹ nìkan. Àwo tó ń gba omi nídìí rọ́bà, ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹfinrin nínú rọ́bà kò sì ní lé ẹ̀fọn lọ, ọbẹ̀ ló wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé kankan kò lè fọ èéfín jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú pálọ̀. Kí ti aládùúgbò jìnnà sí fèrèsé yín.

Àwọn ọmọ Kúnlé: wákàtí méjì níta lójoojúmọ́, ìdajì rẹ̀ nílé ìwé, ìdajì rẹ̀ nílé. Ìmọ́lẹ̀ ìta, kódà lábẹ́ ibòòji igi fúrúùtù, fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti gílóòbù inú yàrá lọ, òun ló sì ń dín in kù pé kí ojú ọmọ má lè ríran jìnnà. Ọmọ tó ti ń lo awò tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè nínú èyí, nítorí náà kí wọ́n má dúró dìgbà yẹn.

Ẹ ní kí Kúnlé lu àwọn ihò náà ṣáájú Sátidé, kó sì ya fọ́tò bàlíkónì ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí n lè mọ ibi tí òòrùn ń dé kí n tó sọ ibi tí ẹ ó gbé rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí. Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbíkẹ́