Lẹ́tà nínú awo ìgbọrẹ

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ìyàwó àti àwọn ọmọ le? O ní ìjọ yín ní Houston fẹ́ ṣe ọrẹ lẹ́tà. Inú mi dùn gan-an. Bread for the World, ẹgbẹ́ Kristẹni tó ń bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí ebi, tí pásítọ̀ Arthur Simon dá sílẹ̀ ní 1974, ló sọ ọ́ di àṣà láàárín àwọn ìjọ Amẹ́ríkà: awo tí wọ́n fi ń gba owó, wọ́n á fi gba lẹ́tà sí àwọn aṣòfin, wọ́n á sì gbàdúrà lé e lórí.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè. Bí ebi, ilé gbígbé àti ogun bá wà nínú lẹ́tà kan, òṣìṣẹ́ tó ń ka lẹ́tà kò ní mọ abẹ́ èwo ni kó kà á sí. Tèmi ni pé kí ẹ mú WIC, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún aboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní mílíìkì, ẹyin àti ẹ̀wà. Òfin ti sọ pé ẹni tó bá yẹ fún SNAP, ìrànwọ́ owó oúnjẹ ti ìjọba, gbọ́dọ̀ rí i gbà, WIC kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin wọn, ń dìbò lórí owó rẹ̀; bí kò bá tó, ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lè lọ tò sórí ìlà. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ni ọdún ìnáwó wọn ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń rí sí ìnáwó ti máa ń pín owó ṣáájú. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni kí ẹ kọ̀wé. Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ìpín máa ń dùn mí púpọ̀.

Sẹ́nétọ̀ 2 àti aṣojú 1 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, lẹ́tà 3 nìyẹn. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, báyìí:

“Mo ń gbé ní ẹkùn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìbò kí owó WIC tó gbogbo ẹni tó yẹ lọ́dún yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń rí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nítorí oúnjẹ. Mo ń retí èsì yín.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ ẹ̀dà kan náà fún igba ènìyàn, ìdí tí oníkálukú fi ń kọ̀wé ló ń mú kí wọ́n kà á. Kí àdírẹ́sì àti zip code (nọ́ńbà àdúgbò fún ìfìwéránṣẹ́) wà nínú lẹ́tà gan-an, torí àpò rẹ̀ kì í sábà bá a rìn mọ́ tí wọ́n bá ti tú u. Láìsí àdírẹ́sì, wọn ò ní kà á sí ará ẹkùn. Ẹni tó ní green card, ìwé àṣẹ ìgbélùú, náà lè kọ̀wé.

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí Washington. Láti ìgbà tí wọ́n fi anthrax, kòkòrò àrùn tó ń pani, sínú lẹ́tà ní 2001 ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò níbòmíràn, ó sì ń pẹ́. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn tó wà ní Houston, kí ènìyàn mẹ́ta kó àwọn lẹ́tà náà lọ, kí ẹ sì gba orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà wọ́n.

Bí ẹ̀rù bá ń ba pásítọ̀, sọ fún un pé òfin owó orí gba ìjọ láyè láti bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí àbádòfin, bí kò bá ti gba apá ńlá nínú iṣẹ́ ìjọ. Pé ká ní kí wọ́n dìbò fún lágbájá ni òfin 1954 kà léèwọ̀. Torí náà, kí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú má wọ lẹ́tà kankan.

Kí wọ́n ka Òwe 31:8 kí awo tó lọ yípo. Tọ́jú èsì tó bá dé, kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ká jọ wo ohun tí wọ́n ṣèlérí.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣọlá